Akẹ́kọ̀ọ́ Tó ń Gbowó Oṣù

Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ìwádìí níbi tí mo ti ń ṣe másítà, ìbéèrè kan náà ni àwọn aládùúgbò wa ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo, ń bi mí: "Ṣé o ti di olùkọ́ yunifásítì nìyẹn?" Bí mo bá ní rárá, wọ́n á ní mò ń fi nǹkan pamọ́. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Màmá mi tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìgbóǹnà ò tilẹ̀ dúró de ìdáhùn mi. Ó ti sọ fún gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká pé ọmọ òun ń kọ́ àwọn èèyàn ní yunifásítì. Nígbà tó sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni mo máa ń dúró níwájú kíláàsì ní gbogbo Ọjọ́rú, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ipò náà fúnra rẹ̀ ló ṣòro ṣàlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo ṣì ń san owó iléèwé. Òṣìṣẹ́ ni mí, wọ́n ń sanwó fún mi. Ẹni tí yóò ka àpilẹ̀kọ mi, tí yóò sọ bóyá mo yege tàbí mi ò yege, òun náà ló ń fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ń san owó mi. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ sí mi, ibi méjì ló ti lè dùn mí. Mi ò sọ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí o. Èèyàn rere ni ọ̀gá mi. Ṣùgbọ́n ètò tó bá jẹ́ pé ìwà rere ẹnì kan ṣoṣo ló gbé e dúró, ó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa kó tó jókòó lé e.

Ní Nàìjíríà níbí, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí ẹni tó ti gboyè àkọ́kọ́ fi ń rí irú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni Graduate Assistant, tí gbogbo èèyàn ń pè ní GA. Iṣẹ́ yunifásítì gidi nìyẹn. Ìpele tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni, CONUASS 1 ni wọ́n ń pè é lórí ìwé owó oṣù, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n wà ní CONUASS 7, àmọ́ orí àkàbà lo ti wà yẹn: bó o bá gba másítà, o di Assistant Lecturer, o sì ń gòkè lọ. First class tàbí second class upper ni wọ́n sábà máa ń bèèrè, ìwé ẹ̀rí agùnbánirọ̀ náà ò sì gbọ́dọ̀ sọnù. Wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú 100 owó rẹ fún ìfẹ̀yìntì, agbanisíṣẹ́ ń fi ìdá 10 kún un, bí òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ṣe là á kalẹ̀. Àwọn tó ń dúró de irú àyè yìí pọ̀ ju àyè náà lọ, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ "ta lo mọ̀ níbẹ̀" ṣe máa ń yọjú níbi tí oúnjẹ bá ti kéré.

Ọ̀nà kejì ni tèmi, ìyẹn owó ìwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan á kọ̀wé béèrè owó lọ́dọ̀ TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn iléèwé gíga lówó, tàbí lọ́dọ̀ àjọ kan lókè òkun. Bí wọ́n bá fún un, á yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi gba akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa bá a ṣiṣẹ́. Kò sí ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, kò sí àkàbà. Ọjọ́ tí owó bá tán ni iṣẹ́ tán. Tèmi tún ní ìrù kan: ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní kí n máa bójú tó prátíkà kẹ́mísìrì àwọn ọmọ 100 level lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọjọ́rú màmá mi ti wá.

Ọmọ káfíńtà ni mí, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ló sì jẹ́ kí n tètè rí ohun tó wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi, àwọn òbí rẹ̀ ló ń sanwó. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, bí ìyàwó ọ̀gá bá ní kó lọ ra epo pupa wá, á lọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí ìyà, torí gbogbo wa mọ̀ pé iṣẹ́ ló wá kọ́, ọjọ́ tí yóò gba fíríìdọ́ọ̀mù sì ń bọ̀. Lẹ́yìn tó bá gbà á tán, tí wọ́n ti gbàdúrà fún un, tí wọ́n ti jẹ, tí wọ́n ti mu, tí wọ́n ti ya fọ́tò pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, ó lè ní òun ò tíì lówó tí òun máa fi gba ṣọ́ọ̀bù, kí òun ṣì dúró. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá mi máa ń pè é jókòó. "Àga kan, èló ni wàá gbà? Ta ló ń ra gúlù? Bí oníbàárà mi bá wá bá ọ fúnra ẹ, báwo la ṣe máa pín in?" Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn ni wọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Láti ọjọ́ yẹn lọ, màmá mi ò jẹ́ rán an lọ sọ́jà mọ́, àfi tó bá bẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin náà ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi, ó ṣì ń pè é ní ọ̀gá. Ọ̀wọ̀ ò dín, àmọ́ ìlà ti wà nílẹ̀.

Ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó ń fa ìlà náà. Wọ́n á ní ká máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́, iye owó á wà nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ohun tí owó náà wà fún ò ní sí níbẹ̀. "Àti iṣẹ́ mìíràn tí a bá yàn fún ọ" ni wọ́n á kọ sísàlẹ̀, gbólóhùn yẹn á sì gbé gbogbo ayé mì. Àwa náà ló ń dá kún un. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́, Daddy ni a ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n ọkùnrin, Mummy ni a ń pe obìnrin. Bàbá kì í bá ọmọ kọ àdéhùn. Ọmọ wo ló máa bi bàbá rẹ̀ pé wákàtí mélòó ni òun máa fi lọ bá a gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì? Mo mọ ẹnì kan, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jìnnà sí tèmi, tó jẹ́ pé lásìkò ọ̀wọ́n epo, orí ìlà epo ló ti ka ìwé ìdánwò rẹ̀ tán. Wọ́n ń sanwó oṣù fún un pé ó ń ṣèwádìí.

Mi ò sọ pé kéèyàn má ru báàgì ọ̀gá. Mo máa ń ru ú, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i, àwọn òbí tó bí mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀, kò sì ní kí n má parí iṣẹ́ mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé báàgì jẹ́ ìṣẹ́jú méjì, Sátidé odindi kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì.

Nítorí náà mo bèèrè. Mi ò bèèrè lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní lẹ́tà, torí ọjọ́ ìdúpẹ́ nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo gba ilé lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo padà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí n lè ṣètò ara mi, mo fẹ́ mọ iye wákàtí tí iṣẹ́ yìí máa gbà lọ́sẹ̀, àti ibi tó parí sí."

Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. "Owó lo fẹ́ bèèrè, àbí?"

"Rárá sà, àkókò ni mo kọ́kọ́ bèèrè. Owó ló tẹ̀ lé e."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọ ọlọ́jà ni mí. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó ń sọ ọ́ sókè bó ṣe ń kọ ọ́. Ìwé náà kò ju ìdajì ojú ewé lọ: wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀, prátíkà àti ìwé tí wọ́n bá kọ lórí rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la ó máa lọ bu omi odò tí à ń ṣèwádìí rẹ̀, bí mo bá ń ṣèdánwò, kò sí iṣẹ́. Ó fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Ó wá sọ ohun kan tí mo rántí dáadáa: nígbà tí òun wà nípò tèmi, kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé wọ́n ń bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn sí i, ó sì jọ pé ó tún dùn ún díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a ò kọ síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ, ta ló máa wà lórí àpilẹ̀kọ jọ́nà tó bá ti inú iṣẹ́ náà jáde. Màá tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa prátíkà ná, torí òun ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń jẹ àkókò jù.

Àwọn ọmọ 100 level pọ̀, tábìlì ò pọ̀ tó wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan ní kí n jọ̀ọ́ kí n sún síwájú, òun náà fẹ́ dúró síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rò pé mo jẹ́. Nígbà tí mo wọ aṣọ funfun tí mo sì dé iwájú bọ́ọ̀dù, ojú tì í títí dé ẹ̀yìn ọrùn. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí mo ti jẹ́ sẹ́níọ̀ fún ní sẹ́kọ́ńdírì níbí ní Òṣogbo. "Sístà" ló ń pè mí nílé, "mà" ló ń pè mí nínú láàbù, bó bá sì gbàgbé ibi tó wà, á pe méjèèjì pọ̀.

Títíréṣọ̀n ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn wíwá iye ásíìdì tó máa pa agbára álíkálì. Ẹ da ásíìdì sínú bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tó ní nọ́ńbà lára, ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì fa álíkálì sínú ìgò, ẹ kán phenolphthalein sí i, àwọ̀ á pọ́n, ẹ máa já ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀ títí pupa náà á fi lọ. Ìkán kan ṣoṣo ló máa ń wà láàárín ibi tí ó yẹ kéèyàn dúró sí àti ibi tó ti kọjá. Ojú yín gbọ́dọ̀ wà lọ́gbọọgba pẹ̀lú omi inú bùrẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ka nọ́ńbà tó ń sọ iye ásíìdì tó lọ. Bí ẹ bá kà á láti òkè, irọ́ ló máa sọ fún yín. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí àwọn nọ́ńbà náà sún mọ́ra.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí mo ti ń gba ìwé wọn ni mò ń rí i: 24.60, 24.60, 24.60. Tábìlì kejì, 24.60 lẹ́ẹ̀mẹta. Tábìlì tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, bákan náà. Ẹnì kan ti gbọ́ látẹnu àwọn ọmọ ọdún tó kọjá pé ibẹ̀ ló ń já sí, kì í sì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Láti pírámárì ni wọ́n ti ń fìyà jẹ wọ́n fún nọ́ńbà tí kò bá ìwé tíṣà mu. Mi ò gé máàkì ẹnikẹ́ni. Mo ṣe é lójú wọn, mo ka èyí tí mo rí síta, ó sì yàtọ̀ sí 24.60. Mo tún un ṣe, ó tún yàtọ̀ díẹ̀. Mo kọ méjèèjì sójú bọ́ọ̀dù, mo sì ní máàkì tó pọ̀ jù wà fún ẹni tó bá kọ ohun tó rí, tó sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi dọ́gba. Láàbù dákẹ́, wọ́n rò pé mò ń dẹ pàkúté. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbà mí gbọ́.

Ohun tí ìwé àdéhùn ò mọ̀ ni pé wákàtí mẹ́ta tó wà lórí tàímútébù kì í ṣe wákàtí mẹ́ta. Ọjọ́ tó ṣáájú la ń po ásíìdì. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e la ń kàwé wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kíláàsì dùn ju àpilẹ̀kọ lọ. Ẹni tó dúró níwájú èèyàn tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń rò pé òun ti ṣiṣẹ́ lónìí, ó sì ti ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí kẹta àpilẹ̀kọ rẹ̀ wà níbi tó wà lóṣù tó kọjá. Mo ti rí GA tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ dáadáa títí ọdún másítà rẹ̀ fi di ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó jẹ́. Yunifásítì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì gbé e gòkè, torí másítà ni wọ́n ń bèèrè. Ní tèmi, mo ti sọ àárọ̀ di ti àpilẹ̀kọ. Ẹni tó bá wá mi kí agogo mẹ́wàá tó lù, á dúró.

Odò Ọ̀ṣun ni ìwádìí wa dá lé. Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo ò nílò kí n sọ fún un pé omi náà ti yí àwọ̀ padà, ó ti di pupa rúsúrúsú. Lápá òkè, níhà Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń wa góòlù, erùpẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ sì ń bá omi lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ rí lásìkò ọdún Ọ̀ṣun pé kí àwọn olùjọ́sìn má mu omi náà. Iṣẹ́ tiwa ni láti wo àwọn irin tó wà nínú rẹ̀, òjé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Fún òjé, ohun tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kó má kọjá nínú omi mímu ni 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ó kéré débi pé ọwọ́ ẹni tó lọ bu omi lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi gba ẹ̀sọ̀. Ásíìdì la fi ń fọ ike kí a tó kúrò ní láàbù. Lódò, a ó fi omi odò náà ṣan án, a ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀, kí erùpẹ̀ ẹsẹ̀ tiwa má bàa wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó kán ásíìdì náítíríìkì sí i títí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, á fi wá sísàlẹ̀ 2. Bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, irin inú omi á lẹ̀ mọ́ ara ike, nígbà tí ẹ̀rọ bá fi máa wò ó, omi á dà bí ẹni pé ó mọ́. Ike kan tún wà tó jẹ́ omi mímọ́ láti láàbù ni, a ó gbé e lọ, a ó ṣí i lódò, a ó dé e, a ó gbé e bọ̀. Bí ẹ̀rọ bá rí òjé nínú ìyẹn, àwa la gbé e wá. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ 100 level mi, ó sì wọ̀ wọ́n létí ju gbogbo ìwàásù 24.60 lọ.

Ibi kan lára ibi tí a ti ń bu omi wà nínú Igbó Ọ̀ṣun. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, nítorí náà èèyàn ò lè kàn gbé kúlà wọlé bí ẹni ń lọ síbi ìnáwó. Lẹ́tà la kọ́kọ́ mú lọ. Ìyá àgbàlagbà kan máa ń wà lẹ́bàá odò nígbà púpọ̀ tí a bá dé. Lákọ̀ọ́kọ́ tó rí wa, ó ní, "Ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ fi omi Yèyé ṣe?"

"A fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni, mà."

"Yèyé ò ṣàìsàn." Ó sì gbàdúrà fún wa.

Nígbà tí a tún padà lọ, ó bi mí pé kí la rí. Mo mọ díẹ̀ nínú ohun tí a rí. Ṣùgbọ́n èsì ìwádìí tí wọ́n fowó ṣe kì í ṣe ti olùrànlọ́wọ́ láti máa sọ kiri. Ti iṣẹ́ náà ni títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ní, "Ẹ má bínú mà, ọ̀gá wa ló máa kéde rẹ̀."

Ó wo ike ọwọ́ mi. "Ọ̀gá yín náà ló ń pọnmi níbí?"

Mi ò rí èsì fún un. Òfin tó ní kí n dákẹ́ mọ́gbọ́n dání. Nọ́ńbà tí wọn ò tíì tún yẹ̀ wò lè dá ìpayà sílẹ̀ lásán, ó sì lè fi ẹnì kan lọ́kàn balẹ̀ lásán, èyí tó burú jù. Síbẹ̀ ìyá yẹn ò ní ka jọ́nà òkè òkun tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí.

Ọ̀rọ̀ owó ò ní gùn lẹ́nu mi. Owó àkọ́kọ́ pẹ́. Owó ìwádìí kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìpín-ìpín ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́. Bí àbọ̀ ìpín kìíní ò bá tíì tẹ́ olówó lọ́rùn, ìpín kejì ò ní jáde, ẹni tó kéré jù lórí ìwé ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Owó ọkọ̀ mi láàárín àsìkò yẹn, látinú èsúsú màmá mi ló ti wá. Ó bi mí pé irú iṣẹ́ ìjọba wo ni òun ń yáwó fún. Bí àléètì ṣe wọlé níkẹyìn, òun ni mo kọ́kọ́ san tirẹ̀ fún. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, kó má fi owó oṣù àkọ́kọ́ ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, pàápàá onílé. GA tó wà lórí ìwé yunifásítì náà ò bọ́. Lọ́dún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi yanṣẹ́ lódì, ìjọba sì ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti kọ́lé lè fara da ìyẹn. Ẹni tó wà ní CONUASS 1 ńkọ́?

Àwọn tó ń wo òkè òkun máa ń rò pé gbogbo èyí ò sí lọ́hùn-ún. Àwọn kan sàn lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì jẹ́ teaching assistant, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ni, ní Amẹ́ríkà báyìí. Wọn ò gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fún un lówó tó fi ń gbọ́ bùkátà. Ẹni tó ní físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nínú ọgbà iléèwé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, nítorí náà ìlà tí bàbá mi máa ń fà, ìjọba ti bá wọn fà á. Ṣùgbọ́n ka lẹ́tà náà dáadáa: oṣù mẹ́sàn-án ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìsinmi ooru ò sí níbẹ̀, àwọn owó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní fees sì lè wà lọ́rùn rẹ síbẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn ará ilé kì í mọ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ìpinnu kan lábẹ́ Council of Graduate Schools pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fi irú owó yìí lọ̀ ní títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin láti dáhùn. Àwa níbí, bí ímeèlì bá dé lálẹ́, a ó dáhùn lálẹ́, a ó wá ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday. Ó dáa kéèyàn dúpẹ́, àmọ́ bóyá lẹ́tà tó dára ju ìyẹn lọ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Yorùbá sọ, tẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n kọ́ni, ẹ wo FLTA ti Fulbright náà, ètò ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń kọ́ni ní èdè abínibí wọn, Yorùbá, Haúsá àti Ígbò ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ń lọ fi kọ́ni níbẹ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ kan.)

Ìbéèrè tí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi jẹ́ kí n máa bi ara mi, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni wá tàbí òṣìṣẹ́, àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti fà á dé iwájú ìgbìmọ̀ ìjọba. Ní Yunifásítì Wisconsin, ní Madison, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ni dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1966, wọ́n sì gba àdéhùn àkọ́kọ́ lọ́dún 1970. Ní ti yunifásítì aládàáni, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn sọ lọ́dún 2004, lórí ẹjọ́ Yunifásítì Brown, pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Lọ́dún 2016, lórí ẹjọ́ Yunifásítì Columbia, ìgbìmọ̀ kan náà yí i padà: òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 2022, oṣù kan lẹ́yìn tí tiwa parí, nǹkan bí 48,000 èèyàn da iṣẹ́ sílẹ̀ ní University of California, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ni àti olùrànlọ́wọ́ ìwádìí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Owó ilé ló ń jẹ wọ́n níyà.

Mi ò rò pé ẹgbẹ́ la máa fi bẹ̀rẹ̀ níbí. Ìdajì ojú ewé tí a kọ ní ọ́fíìsì ọ̀gá mi ti ṣe púpọ̀. Lẹ́yìn tí ó kọ tèmi, ó kọ irú rẹ̀ fún olùrànlọ́wọ́ tó wọlé lẹ́yìn mi láìjẹ́ pé ìyẹn bèèrè.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Àpilẹ̀kọ jọ́nà àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀. Mo ti bu omi, mo ti po ásíìdì, mo ti kọ abala tó ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é. Ọ̀gá mi ní a ó wo bó ṣe máa rí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká wò ó kí ẹ tó fi ránṣẹ́," mo sì fún un ní ìwé tí mo kọ ohun tí oníkálukú ṣe sí, tòun náà wà níbẹ̀. Ó ní kí n fi sílẹ̀, òun máa kà á. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ ẹ̀bẹ̀ kan sí i: bí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò bá ti fọwọ́ sí èsì náà, kí a kọ ojú ewé kan ní Yorùbá, ohun tí a rí àti ohun tó yẹ kéèyàn ṣe sí i, kí a sì mú un lọ fún àwọn tó wà lẹ́bàá odò àti àwọn tó ń pọnmi nísàlẹ̀ rẹ̀. Èsì tó fún mi lórí ìyẹn ni pé kò sí owó fún un nínú ètò ìnáwó. Mo ti yà sí Ọláìyá lọ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà láti tẹ ojú ewé kan. Kò tó owó ọ̀sẹ̀ kan nínú owó oṣù mi.